Ẹ Bi Ìyá Nọ́ọ̀sì: Ọmọ Àgbẹ̀ Tó Kọ́ Àwọn Dókítà Ojú Bí A Ti Ń Lu Ihò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Nọ́ọ̀sì. Calgary ní Kánádà ni mò ń gbé. Màámi wá kí wa láti Ìjẹ̀bú-Igbó, kátáráàtì (ìyẹn kí lẹ́ǹsì inú ojú di funfun) sì ti bo ojú wọn méjèèjì. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún báyìí, kò tó ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n fi parí rẹ̀, a sì jọ padà sílé lọ́jọ́ náà. Dókítà tó ṣe é sọ fún wa pé ọ̀nà tí òun gbà ya awọ iwájú lẹ́ǹsì ojú Màámi, ará ìlú wa níbí, Dókítà Howard Gimbel, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀. Ó ní ẹ̀gbẹ́ abúlé kékeré kan báyìí ló ti dàgbà. Ta ni ọkùnrin yìí, kí ló sì ṣe gan-an? Màámi ní ẹ̀yin ni kí n bi, pé ẹ máa sọ ọ́ kó yé àwọn. — Ọmọ Ìjẹ̀bú, Calgary

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o ṣeun. Bá mi kí Màmá, kí o sì bá mi kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má fi ọwọ́ ra ojú yẹn o, bó ti wù kó máa yún wọn tó.

Kí n tó sọ ohun tí Gimbel ṣe, jẹ́ kí n sọ ohun tí kò ṣe, torí àwa náà fẹ́ràn ká máa gbé oyè olóyè lé ẹlòmíì lórí. Òun kọ́ ló dá iṣẹ́ abẹ kátáráàtì sílẹ̀. Jacques Daviel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti ń la ojú yọ ọ́ láti ọdún 1747. Òun kọ́ ló mú lẹ́ǹsì oníke wọ inú ojú ènìyàn. Harold Ridley nìyẹn, ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 1949. Ridley ti rí i pé àwọn awakọ̀ òfuurufú tí àfọ́kù ike fèrèsé ọkọ̀ wọn wọ̀ lójú nígbà ogun Hitler, ike náà wà nínú ojú wọn jẹ́ẹ́ ni, ojú kò bá a jà. Òun náà kọ́ ló ṣe ẹ̀rọ tó ń fọ́ kátáráàtì sí wẹ́wẹ́. Charles Kelman nìyẹn, ará New York, ní 1967. Orí àga oníṣègùn eyín ló jókòó sí, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n kíkankíkan ha eyín rẹ̀, ló bá ní, àbí nǹkan báyìí lè wọ ojú?

Ohun tí Gimbel wá fi kún un kéré lójú. Ihò ni. Ó wà lára àwọn tó kọ́ ayé bí a ti ń lu ihò róbótó kan ṣoṣo.

Beiseker ni orúkọ abúlé tí dókítà yín ń sọ. Ìwọ tí ò ń gbé Calgary, kọjú ọkọ̀ sí àríwá-ìlà-oòrùn, wákàtí kan kò ní pé tí wàá fi débẹ̀. Àwọn tó ń gbé e kò pé ẹgbẹ̀rún kan. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, ó tẹ́ rẹrẹ bí ẹní tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́, kò sí òkè, igi kò pọ̀, oko ọkà ni wàá máa wò títí ojú rẹ yóò fi ṣú. Thomas Beiseker, oníbáǹkì kan láti North Dakota ní Amẹ́ríkà tó ń ta ilẹ̀ fún àwọn tó wá tẹ̀dó, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ra ilẹ̀ náà jẹ́ ọmọ Jámánì tí àwọn bàbá ńlá wọn ti gbé Rọ́ṣíà rí. Ìwọ náà wò ó: láti Jámánì sí Rọ́ṣíà, láti Rọ́ṣíà sí North Dakota, láti ibẹ̀ bọ́ sí Alberta. A máa ń rò pé àwa nìkan là ń ṣí kiri.

Ọdún 1934 ni wọ́n bí Howard Gimbel, nígbà tí ọ̀dá owó dá gbogbo ayé, tí ọ̀gbẹlẹ̀ sì ń han àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ ọ̀dàn léèmọ̀. Orí oko ló dàgbà sí. Ọmọ ìjọ Adventist ni, ìjọ tó dá ilé ìwòsàn Adventist sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1940, àwọn náà ló ni Babcock ní Ìlíṣàn. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ìjọ náà ní Loma Linda, ní California, ló lọ, ó sì jáde ní 1960. Ó kọ́ṣẹ́ ojú ní Los Angeles. Ní 1964 ó padà sílé, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Calgary.

Kí o tó lè mọ ohun tó sọnù tí ó rí, o ní láti mọ bí iṣẹ́ yìí ti rí lójú àwa tó wà níbẹ̀. Ọdún 1981 ni èmi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ojú, mi ò sì kúrò níbẹ̀ fún ọdún 31. Nígbà tí mo dé, lẹ́ǹsì ojú pẹ̀lú àpò rẹ̀, ìyẹn awọ fẹ́lẹ́ tó wé e, lódidi là ń fà jáde. Irinṣẹ́ kan wà tó ń tutù ju yìnyín lọ. Dókítà á fi ṣóńṣó rẹ̀ kan lẹ́ǹsì, lẹ́ǹsì á lẹ̀ mọ́ ọn bí ahọ́n ọmọdé ti ń lẹ̀ mọ́ búlọ́ọ̀kù inú fìríìsà, á sì rọra fà á síta. Ojú ọgbẹ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àyíká dúdú ojú. A ó fi òwú tó tínrín ju irun lọ rán an. Àwọn ọ̀gá wa a máa sọ fún wa pé ní ayé tiwọn, àpò iyanrìn ni wọ́n fi ń há orí aláìsàn lọ́tùn-ún lósì, kó má baà yí orí fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Tó bá wá sàn, lẹ́ǹsì kò sí lójú rẹ̀ mọ́, awò ìdí ìgò là ń fún un.

Mo rántí ìyá àgbà kan tí a fún ní awò náà. Ọmọ rẹ̀ gbé àkàrà wá fún un ní àárọ̀. Ó nawọ́, ọwọ́ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àwo. Ó tún nawọ́, ó kọjá rẹ̀. Awò yẹn máa ń mú kí nǹkan tóbi tó ìdámẹ́rin ju bó ti rí lọ, kì í jẹ́ kí èèyàn mọ ibi tí nǹkan wà gan-an. Ìyá ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, àkàrà yìí ń sá fún mi o." Gbogbo wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló bọ́ awò náà, ó gbé e sórí itan, ó fi ọwọ́ wá àkàrà rẹ̀ bó ti ń ṣe nígbà tó fọ́jú.

Lẹ́ǹsì oníke ló yọ wá nínú èyí. Àmọ́ lẹ́ǹsì oníke ń fẹ́ ibi tí yóò jókòó sí, ibi tó sì dára jù fún un náà ni inú àpò tí ti àtọ̀runwá wà tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ni pé a kò gbọdọ̀ fa àpò náà jáde mọ́. A ó ṣí iwájú rẹ̀, a ó kó ohun tó ti funfun kúrò nínú rẹ̀, a ó sì fi tuntun há a. Báwo la ó ti ṣí i? Ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Abẹ́rẹ́ tí a tẹ orí rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Dókítà á máa gún awọ náà yípo, ogún ojú, ọgbọ̀n ojú, títí yóò fi já, gẹ́lẹ́ bí ọ̀bẹ ti ń ṣí agolo mílíìkì. Àwọn dókítà fúnra wọn, ọ̀nà ìṣí-agolo ni wọ́n ń pè é. O sì mọ bí etí agolo tí a fi ọ̀bẹ ṣí ti máa ń rí, ṣágiṣàgi bí eyín ayùn. Bí irinṣẹ́ bá ti kan ọ̀kan nínú eyín wọ̀nyẹn, á ya, yíya náà á sá gba ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀yìn àpò, omi kíki ẹ̀yìn ojú á tú wá síwájú. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tó ya báyẹn. Orin ń lọ lọ́wọ́ lórí rédíò, dókítà ń bá a kọ ọ́ lábẹ́ ètè. Ó ṣàdédé dákẹ́. Ó tó ìṣẹ́jú kan kó tó sọ̀rọ̀: "Sister, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa rédíò yẹn." Ohun tí a rò pé yóò parí láàárín wákàtí kan, a lo wákàtí mẹ́ta lórí rẹ̀.

Wàyí o, mú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí o ti mu tán. (Mo mọ̀ pé kò sí píọ̀ wọ́tà ní Calgary, ọ̀rá búrẹ́dì á ṣe é.) Fi àlùmọ́gàjí gé àárín rẹ̀ ní gígé wérewère, kó rí ṣágiṣàgi, kí o wá fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Ibi tí ẹnu gígé wà ni yíya ti máa bẹ̀rẹ̀, kò sì ní dúró. Mú ọ̀rá mìíràn. Ki orí ìṣó bọ iná títí yóò fi gbóná, kí o fi lu ihò sí àárín rẹ̀, kí etí ihò náà yọ́, kó sì dán róbótó. Fà á. Á na, ihò á fẹ̀, á gùn bí ẹnu ọmọ tó fẹ́ sunkún, síbẹ̀ kò ní tètè ya. Ọ̀rá kan náà ni, owó kan náà la fi rà á. Etí ihò ló yàtọ̀.

Ohun tí Gimbel rí nìyẹn láàárín ọdún 1980 sí 1990. Dípò kó máa gún un yípo, á gún un lẹ́ẹ̀kan ní àárín, á ká etí awọ náà lé, á dì í mú, á sì máa fà á lọ ní òbìrìkìtì títí yóò fi padà pàdé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́ǹsì náà kò ju nǹkan bíi mìlímítà mẹ́wàá ní fífẹ̀, ihò yẹn á jẹ́ bíi márùn-ún. Awọ ọ̀hún, irun orí rẹ nípọn jù ú lọ ní bíi ìlọ́po mẹ́rin. O ti bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lábẹ́ èèpo ẹyin sísè rí láì jẹ́ kó já? Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkantóbi, nínú ojú ẹni tó ń mí, tó lè húkọ́ nígbàkígbà.

Òun nìkan kọ́ ló rí i, ó sì yẹ ká sọ ọ́. Ní Jámánì, Thomas Neuhann náà ti ń ṣe ohun kan náà, òun ló fún un ní orúkọ tí wọ́n ń pè é títí dòní, capsulorhexis. Ní Japan, Kimiya Shimizu náà ti dé ibẹ̀. Mẹ́ta lára wọn, ilẹ̀ mẹ́ta, kálukú ń ya awọ tirẹ̀. Nígbà tí Gimbel àti Neuhann gbọ́ nípa ara wọn, wọn kò jà sí ta ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n jọ jókòó, wọ́n sì kọ ọ́ pọ̀ sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣẹ́ abẹ ojú ní 1990. Èyí wù mí ju ihò náà gan-an lọ. Mo ti rí dókítà méjì tí wọn kò kí ara wọn fún ọdún mẹ́fà nítorí ta ni orúkọ rẹ̀ yóò ṣáájú lórí bébà.

Ihò yìí ló jẹ́ kí ohun kejì tí wọ́n mọ Gimbel sí ṣeé ṣe. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ Kelman ṣiṣẹ́ ní Kánádà, ní 1974. Ẹ̀rọ yẹn dára fún kátáráàtì tó rọ̀. Èyí tó bá ti le, tó ti pọ́n bí àádùn, ṣòro fún un. Gimbel wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kòtò tóóró sí àárín èyí tó le náà, á ki irinṣẹ́ méjì bọ inú kòtò, á tì wọ́n lọ́tùn-ún lósì, yóò sì là. Á yí i, á tún là á. Ìgbà tó bá di awẹ́ mẹ́rin ni ẹ̀rọ á wá máa fa awẹ́ kọ̀ọ̀kan mu. "Pín in, kí o sì ṣẹ́gun rẹ̀" ni ìtumọ̀ orúkọ tó fún un. Bí Màmá bá fẹ́ mọ bó ti rí, sọ fún wọn pé bí wọ́n ti ń pa obì aláwẹ́ mẹ́rin nílé náà ni. Ẹ ò lè tẹ obì tó bẹ́ẹ̀ nínú àpò tí etí rẹ̀ ṣágiṣàgi, á fàya. Etí tó dán ló gba ìtẹ̀sí náà.

Ti àwọn ọmọdé tún wà níbẹ̀. Ojú ọmọdé kì í gbà tán: ẹ yọ kátáráàtì iwájú, kó tó pẹ́ ẹ̀yìn àpò náà á tún funfun. Gimbel lu ihò róbótó sí ẹ̀yìn àpò náà, ó sì ti àárín lẹ́ǹsì oníke kọjá nínú rẹ̀, bí bọ́tìnnì ti ń kọjá ihò aṣọ. Lẹ́ǹsì jókòó, funfun kò rí ọ̀nà pàdé lẹ́yìn rẹ̀.

Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ́ ni oyin o. Nígbà kan, ilé ìwòsàn ojú tirẹ̀ ní Calgary wà lára àwọn ilé ìwòsàn aládàáni tó ń gba owó yàrá iṣẹ́ abẹ lọ́wọ́ aláìsàn, nígbà tí ìjọba ń san owó dókítà. Ìjọba àpapọ̀ ní Ottawa ní ìyẹn ta ko òfin ìlera gbogbo ará ìlú, pé kò yẹ kí olówó máa ṣáájú tálákà lórí ìlà. Láti oṣù kọkànlá 1995 títí di oṣù kẹfà 1996, wọ́n ń gé owó ìlera Alberta lóṣooṣù, ó sì ju mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ dọ́là lọ kí Alberta tó gbà. Àwọn kan lọ́hùn-ún ń sọ pé bí kò bá sí owó yẹn, irinṣẹ́ tuntun kì bá ti tètè dé. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo ti rí ẹni tó ta ewúrẹ́ márùn-ún nítorí ojú kan, mo mọ ẹ̀yìn ẹni tí mo wà.

Síbẹ̀, Alberta fi oyè wọn tó ga jù dá a lọ́lá, wọ́n sì tún pè é padà sí Loma Linda láti wá ṣe olórí ẹ̀ka ojú níbi tó ti kẹ́kọ̀ọ́. Bí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀ ní sáà ooru, gbé Màmá lọ wo Beiseker. Ère ẹranko kan tó ń tu òórùn burúkú sí ènìyàn ni wọ́n mọ sí etí ọ̀nà ibẹ̀, ó ga ju ilẹ̀kùn lọ. Mi ò mọ ìdí rẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Ìbéèrè: Ìyá Nọ́ọ̀sì, ṣé òótọ́ ni pé wọ́n máa ń yọ ẹyinjú síta, tí wọ́n á gbé e sínú abọ́, tí wọ́n á fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó dá a padà? Bàbá wa kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní bí ó bá já bọ́ lọ́wọ́ wọn ńkọ́. — Rámọ́tà, Ìwó

Ìdáhùn: Rámọ́tà, rárá o. Ẹyinjú kì í kúrò ní ojú ihò rẹ̀. Okùn iṣan ńlá kan ló so ó mọ́ ọpọlọ láti ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá gé okùn yẹn, kò sí dókítà láyé yìí tó lè so ó padà kó ríran. Ojú ọgbẹ́ tí wọ́n ń dá sára ojú nísinsìnyí pẹ̀lú ẹ̀rọ, bíi mìlímítà mẹ́ta péré ni, ó kéré ju ihò bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì Bàbá lọ. Wọ́n lè má tilẹ̀ rán an. Oògùn ni wọ́n á fi sí ojú náà kó má baà mọ ìrora, Bàbá á máa gbọ́ ohùn, á máa rí ìmọ́lẹ̀ funfun. Kí ó má ṣáà sọ̀rọ̀, kó má mi orí. Bí ó bá fẹ́ húkọ́, kó sọ fún dókítà kó tó hú u.

Ìbéèrè: Ọkùnrin kan ń yí àdúgbò wa ká, ó ní òun á la ojú bàbá ìyàwó mi ní iwájú ilé, pé lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n á ríran. Ó mú ẹ̀rí wá, ẹni tó ṣe fún ríran lóòótọ́. Ẹ gbà wá nímọ̀ràn. — Alàgbà A., Ògbómọ̀ṣọ́

Ìdáhùn: Alàgbà, ẹ kú ìfọkànbalẹ̀. Ẹni tí ẹ rí yẹn ríran lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ náà kò fi kú. Ohun tí ọkùnrin náà ń ṣe ni pé ó ń fi abẹ́rẹ́ ti kátáráàtì náà ṣubú sí ẹ̀yìn ojú. Ìmọ́lẹ̀ á rí ọ̀nà gbà wọlé lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n kátáráàtì kò jáde, inú ojú náà ló ń bẹ, ó ń léfòó nínú omi ẹ̀yìn ojú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í le, á máa pọ́n, á máa ta. Bí abẹ́rẹ́ náà bá dọ̀tí, ojú á kún fún ọyún. Nígbà yẹn, oníbàárà rẹ̀ kì í padà rí ọkùnrin náà mọ́, ó ti kọjá sí ìlú mìíràn.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan. Ìwádìí tí wọ́n ṣe yíká Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú àwọn ojú tí wọ́n ti ṣe nǹkan sí nítorí kátáráàtì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi tì í. Irú àwọn ojú bẹ́ẹ̀ wà lára èyí tó ń ba dókítà nínú jẹ́ jù ní yàrá wa, torí àpò tí à bá fi lẹ́ǹsì há ti bàjẹ́.

Ẹ gbé Bàbá lọ sí ilé ìwòsàn tó ní dókítà ojú. Kí ẹ bèèrè iye tó jẹ́ kí wọ́n tó dá ọjọ́, kí ẹ sì bèèrè bóyá lẹ́ǹsì wà nínú owó náà, nítorí àwọn kan máa ń ya owó lẹ́ǹsì sọ́tọ̀. Bí ọkùnrin náà bá ti ṣe é kí ìwé ìròyìn yìí tó tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ má dúró de ìgbà tí ojú bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Lọ́la ni kí ẹ gbé wọn lọ, kí ẹ sì sọ òótọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún nọ́ọ̀sì. Kò sí ẹni tó máa bú yín.